Ẹja Tó Wọ Òṣogbo Lórí Fóònù

Mo ń fi àáké la yìnyín lára ṣáwà
ní ilé-yìnyín Alàgbà Oyèkànmí, lẹ́yìn ọjà Ìgbọ̀nà,
nígbà tí fóònù gbọ̀n nínú àpò ṣòkòtò mi.
Máfimíṣẹ̀bi ni, ará Ayétòrò etí òkun,
ẹni tí a jọ fi omi tútù mu gàrí ní Ìrèé.
Fídíò ló fi ránṣẹ́. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Omi ni mo kọ́kọ́ rí,
omi, àti imú ọkọ̀ tí kò dúró sójú kan.
Lẹ́yìn náà ni omi ṣú.
Ohun kan ń kọjá lábẹ́ ọkọ̀, ó ń kọjá, kò kọjá tán,
ẹ̀yìn rẹ̀ rí tóótòòtó bí ìyẹ́ awó,
ẹnu rẹ̀ ṣí gbàgà bí ilẹ̀kùn gáréèjì,
kò sì sí eyín tó tó eyín níbẹ̀.
Mo gbọ́ ohùn Máfimíṣẹ̀bi: “Ẹ pa ẹ́ńjìnnì! Ẹ pa ẹ́ńjìnnì!”
Ohùn ẹlòmíràn ní: “Ẹ mú ọ̀kọ̀ wá.”

Ibẹ̀ ni fídíò náà já.

Mo pè é. Ṣé ẹ pa á?
Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé owó ìpè mi ti tán.
Ó ní àwọn kọ́.
Ó ní abẹ tó ń yí nídìí ọkọ̀ epo ti là á lẹ́yìn kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn,
ojú egbò mẹ́ta, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ilà ojú,
okùn àwọ̀n sì ti wọ ẹran lọ nídìí lẹbẹ rẹ̀.
Ó ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀kan forí sọ iyanrìn,
tọmọdé tàgbà gbé àdá, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gé e,
èyí tí wọn kò gé tán jẹrà,
òórùn rẹ̀ lé àwọn ọmọ kúrò ní ilé-ìwé.

Alàgbà Oyèkànmí gba fóònù, ó na ọwọ́ rẹ̀ jìnnà sójú:
“Àbùùbùtán nìyẹn. Ohun tí à ń bù tí kì í tán.”
Bàbá, mo ní, ẹja mìíràn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀,
ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú un bẹ́ẹ̀ náà.
Kí la bù rí tí kò tán?
Wọ́n ń bu wúrà lókè odò, Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀.
Wọ́n ń bu iyanrìn, ẹsẹ̀ afárá ń yọ egungun.
Páálí kótè tí ẹni méjì ń gbé tẹ́lẹ̀,
ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: ìka ọmọdé.
Ẹni tó sọ ẹja yẹn lórúkọ
kò tíì rí ọ̀bẹ tiwa.
Bàbá kò fèsì. Ó wọn kílò mẹ́rin fún oníbàárà.

Lọ́sàn-án, oòrùn mú, mo dúró lórí afárá Gbódófọ̀n,
mo fi eyín já píọ̀wọ́tà, mo mu ún,
mo ju ọ̀rá rẹ̀ sódò.
Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà.
Ó léfòó, ó yí po lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń wo ẹ̀yìn,
ó lọ.
Bóyá ìsédò Aṣéjìre yóò dá a dúró.
Bóyá òjò á kún, yóò gbà á kọjá,
Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà, òkun.

Ọba ìlú yìí tẹ́wọ́, ẹja bọ́ sí i lọ́wọ́,
ó sì fi jẹ orúkọ títí dòní.
Ẹja òkun kò lọ́wọ́ tí yóò tẹ́.
Ẹnu ló yà,
ó yà á sí ohun gbogbo tí a bá fi ránṣẹ́.

Ní alẹ́, fóònù tún gbọ̀n:
“A gé okùn náà. Ó wọ ìsàlẹ̀.
A kò rí i mọ́.”
Mo gbọ́ òórùn ṣáwà lọ́wọ́ mi.
Mo kọ “Ẹ ṣé”, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ.